Ìpẹ́ Tí Ọwọ́ Ṣe

Ọdẹ́bùnmi da omi kán-ún kúrò lórí pátákò màlúù tó ti rẹ láti ìjẹta, ó sì fi èékánná tẹ ọ̀kan wò. Ó ti rọ̀. Kò rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò sì le bí egungun mọ́. Ó rọ̀ bí bàtà awọ tí òjò pa. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ìpele ìpele bí ẹni ń ṣí àlùbọ́sà, ó ń tò wọ́n sórí pákó. Oyún inú rẹ̀ ti yọ síwájú débi pé ó ní láti na ọwọ́ gbọọrọ kó tó dé ibi iṣẹ́.

Irin méjì ń gbóná lórí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ inú wọn. Ó fi ayùn kékeré fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn láti ìdí dé ẹnu, nítorí pé ìpẹ́ akika kì í dán bí àwo. Ìlà wà lára rẹ̀ bí ìlà ara ìkarahun ìgbín. Ó gbé ìpele kan sínú irin, ó fi ẹ̀mú gbé okùn etí lé e, okùn ẹ̀rọ tó tinrin ju irun ojú lọ, ó fi ìpele kejì bò ó bí ẹni bo ẹja mọ́ inú mọ́ínmọ́ín, ó pa irin dé, ó sì gbé òkúta lé e. Òórùn irun jíjó gba gbogbo ilé. Nígbà tó ṣí i, ohun tó bọ́ jáde dúdú, ó fẹ̀ nídìí, ó ṣóńṣó lẹ́nu. Ó gbé e fún bàbá rẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí ìta. Ó gba ìpẹ́ náà, ó fi kan eyín, ó fi kan orúnkún, ó gbé e sí etí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn.

"Ó dára," ó ní. "Ó ti dára jù. Akika wo ló gbé ayé rẹ̀ lórí ìrọ̀rí? Ẹranko tó ń wa ògán lójoojúmọ́, ìpẹ́ rẹ̀ á ti ha. Fi iyanrìn pa á lẹ́nu."

"Mo ti ní i lọ́kàn, Bàbá."

"O ní i lọ́kàn. Ṣé ọkàn rẹ la máa dì sínú àpò ni?" Ó tún yí ìpẹ́ náà sí ìmọ́lẹ̀. "Okùn yẹn ńkọ́? Ibo lo fi sí?"

"Àárín."

"Má fi sí àárín. Ẹni tó bá fẹ́ dán ìpẹ́ wò, àárín ló máa ń ṣẹ́ ẹ sí. Ká a mọ́ ìdí, níbi tó ti nípọn."

Ọdẹ́bùnmi kò jiyàn. Ó fẹ́ po omi kán-ún mìíràn láti fi rẹ ìpẹ́ náà, kó lè tún un ṣe. Ìgbà yẹn ló rí i pé omi garawa ti tán.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò dúró níwájú ilé wọn gan-an. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ta ni?"

"Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ọdẹ́gbèmí," ó dáhùn. Ó mọ̀ pé asán ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbà.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Kò ní bẹ́ẹ̀ni, kò ní bẹ́ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní etí nínú ìlú ṣe ń dákẹ́ fún un: ilẹ̀kùn ọjà, ọkọ̀ èrò, fìtílà òpópónà, ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí. Obìnrin ilé kejì dé pẹ̀lú garawa tirẹ̀, ó pe orúkọ, omi sì tú jáde ṣààà. Ó wo garawa òfìfo ọwọ́ Ọdẹ́bùnmi, ó yára gbé ojú sókè ọ̀run.

"Má bínú sí mi, ìyá ọmọ," ó ní. "Ohùn kan náà tó kù nílé wa, mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á mọ́ wa lẹ́nu."

"Mi ò bínú, mà. Ẹ kú iṣẹ́." Ọdẹ́bùnmi yà sí ọ̀nà odò.

Pàkúté ọ̀yà ló fa gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dẹ ẹ sí etí oko, akika ló sì wọ inú rẹ̀, ó ká ara jọ roboto, ó kú bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sin ín kó panu mọ́. Ọdẹ́gbèmí gbé òkú náà lé èjìká, ó rìn lọ fúnra rẹ̀ sí àgọ́ Àdéhùn, ẹgbẹ́ ààbò ẹranko gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí wọ́n ti kéde pé kí ẹni tó bá rí òkú ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà nínú òfin wá sọ. Ó rí i, ó sì lọ sọ. Ṣùgbọ́n òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni; ìbéèrè kan péré ló ní: ọwọ́ ta ni ẹranko náà kú sí? Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti pa ohùn gbogbo ilé wọn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ọdẹ́bùnmi rọbí níwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí. Ilẹ̀kùn náà béèrè pé ta ni, ó sì ń dáhùn, ó ń dáhùn, títí ohùn rẹ̀ fi ha. Agbẹ̀bí dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn tí kì í gba ọwọ́. Orí àtẹ̀gùn ni ọmọ náà bọ́ sí. Kò ké. Ọkọ rẹ̀ fara dà á fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, lẹ́yìn náà ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ohùn tirẹ̀ lè padà. Kò mọ̀ pé òmíràn ti wà nínú.

Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi ti odò dé, àlejò ti wà nínú ilé. Wanjirú ni, obìnrin ilẹ̀ Kẹ́ńyà tí Àdéhùn fi ṣe olórí iṣẹ́ mímú àwọn olówò ìpẹ́. Ògbufọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan, wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀ bíi bọ́tìnì. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, bọ́tìnì náà á sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Mo kí yín, ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn," ni bọ́tìnì náà wí.

"Kí ló sọ gan-an?" Ọdẹ́gbèmí béèrè.

"Ó ní ẹ kú ilé ni," Ọdẹ́bùnmi dáhùn. Ó ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè obìnrin náà.

"Kó máa sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ aya tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́."

Bọ́tìnì náà túmọ̀ èyí fún Wanjirú, Wanjirú sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó sọ àpò tó gbé wá kalẹ̀: iyanrìn àti koríko gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, ibùsùn àwọn akika tó wà láàyè nínú ọgbà Àdéhùn. Ẹ̀rọ imú tí àwọn olówò fi ń yẹ ọjà wò kò mọ ojú, òórùn àti ìyẹ̀fun ara ẹranko ló mọ̀. Bí ìpẹ́ pátákò màlúù bá sùn sínú ibùsùn yẹn, tí wọ́n sì fi ilẹ̀ ògán pa á lára, ara akika ni imú yóò pè é. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ojúlówó ìpẹ́ tí Àdéhùn bá gbà ni wọ́n ń dáná sun lójú aṣojú orílẹ̀-èdè gbogbo, òfin sì kọ̀ kí ẹyọ kan ṣoṣo padà sọ́jà, ì báà ṣe láti fi mú olè.

"Ọkọ̀ òkun wọn ti dé," Wanjirú wí. "Jọláoṣó tó ń bá wọn ra ìpẹ́ níbí yóò gba ọjà ìkẹyìn lọ́túnla ní etí odò. Okùn etí tí ẹ fi sínú ìpẹ́ á máa sùn títí atẹ́gùn oníyọ̀ fi máa kàn án. Nígbà náà á jí, á sì máa pe wá. Ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè mẹ́rin ti ń dúró."

"A ó parí rẹ̀ lọ́la," Ọdẹ́bùnmi wí.

"Ohun kan kù." Wanjirú yọ bọ́tìnì náà, ó mú un dání, ó tún fi í padà. "Jọláoṣó ránṣẹ́. Ó ní imú òun lè ti gba rìbá. Ó ní ẹni tó bá gbé àpò wá gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kan irin, kó búra pé ara akika ni ìpẹ́ náà ti bọ́."

Èédú ta pàá nínú ààrò.

"Ní ilé wa, òbúkọ ni wọ́n fi ń ṣe é," Wanjirú tẹ̀síwájú. "Bí wọ́n bá fún ìyá mi àgbà ní gbogbo ilẹ̀ tó yí òkè wa ká, kò ní búra èké lórí rẹ̀. Èmi náà kò ní búra. Nítorí náà mi ò lè wá síbí kí n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ẹ ò lè fún wa ní ohùn wa padà láìsí àpò yìí, Ọ̀gá?" Ọdẹ́bùnmi béèrè.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i pọ̀. Kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó jiyàn tán, ọmọ yín á ti máa rìn."

"Tàbí kó ti wà lábẹ́ ilẹ̀."

Wanjirú wo ilẹ̀. Ó dìde, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tó lọ tán, Ọdẹ́bùnmi padà sídìí iṣẹ́. Ó ń tẹ ìpẹ́, ó ń ká okùn mọ́ ìdí, ó ń fi iyanrìn pa ẹnu wọn títí wọ́n fi rí bí ohun tó ti wa ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, nítorí náà ọkàn rẹ̀ ráyè rìn. Ọmọ ọdẹ ni. Ó mọ ẹni tó búra èké fún irin tí ọkọ̀ sì pa lójú ọ̀nà gbalasa. Ó mọ èyí tí àdá ara rẹ̀ yí padà bá lóko. Bó bá búra, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà? Bẹ́ẹ̀dì irin. Abẹ́rẹ́. Irin ni agbẹ̀bí fi ń gé ìwọ́ ọmọ. Irin tó bá fi búra èké ní etí odò ni yóò pàdé lórí ìwọ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sì búra, àtẹ̀gùn yẹn ló kù.

"Èmi ni mo máa búra," ó sọ láìgbójú sókè.

"Mo gbọ́," bàbá rẹ̀ wí.

Ó ti rò pé yóò bá òun jà. Nígbà tí kò bá a jà, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún ká okùn mìíràn.

Nígbà tó di ọ̀túnla, oòrùn ti ga kí ọkọ̀ ọpọ́n wọn tó gúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló tukọ̀. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí aboyún nìkan rin odò. Jọláoṣó jókòó lábẹ́ àtíbàbà ọ̀pẹ, ọkùnrin kúkúrú tó mọ́ tónítóní, ó ń jẹ ẹ̀pà bíbọ̀. Ẹ̀rọ imú rẹ̀, tó tóbi tó ìkarahun ìgbín, so mọ́ ọ lọ́rùn. Ọkùnrin méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tìbọn-tìbọn.

"Bàbá ọdẹ," Jọláoṣó wí, "mo gbọ́ ìtàn yín. Ẹ pa ẹran, ẹ sì gbé e lọ fún wọn lórí èjìká ara yín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi."

"Ẹ̀rín rẹ dé ilé wa," Ọdẹ́gbèmí dáhùn. "A ò rí omi fún un mu."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹni tí wọ́n bá ti pa lẹ́nu mọ́. Wọn ò ní ibòmíràn tí wọ́n máa tajà sí." Ó na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n rí i."

Ó gbé imú sí ẹnu àpò. Imú náà mí símú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Akika." Ó mú ìpẹ́ kan, ó tanná sí i, ó gbóòórùn èéfín, ó mi orí. Ó mú òmíràn, ó gé e jẹ pẹ́ńpẹ́, ó tu ú. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀mú lápò, ó sì ṣẹ́ ẹ̀kẹta ní àárín gan-an. Ọdẹ́bùnmi rí ojú ibi tó ṣẹ́ náà, ìpele lórí ìpele, ó rí bí Jọláoṣó ṣe gbé e sí oòrùn, tó yí i síbí, tó yí i sọ́hùn-ún. Ọmọ inú rẹ̀ yí padà. Jọláoṣó sọ ìdajì ìpẹ́ náà méjèèjì sínú àpò.

"Ọjà gidi nìyí," ó ní. "Ó ku irin."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé àdá àtijọ́ kan wá, tí kò ní èèkù, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí. Ọdẹ́bùnmi bọ́ síwájú. Ó ti gbé ọwọ́ lé e tán kí Jọláoṣó tó fi ẹsẹ̀ gbá àpótí náà sẹ́yìn.

"Ìwọ kọ́. Ta ló kọ́ ọ nírú èyí? Aboyún kì í búra fún irin. Ẹni méjì ni ẹ́. Bí ìkejì bá lóun ò sí níbẹ̀ ńkọ́?" Ó yí sí Ọdẹ́gbèmí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ pa á, àbí? Ẹ wá jẹ́rìí ẹran yín."

Ọdẹ́bùnmi wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí i pé kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti ìjẹta. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá a jà, ìdí nìyẹn tó fi tukọ̀. Igbe dé ọ̀fun rẹ̀: Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké pẹ́nrẹ́n, kí ni ọmọ ọdẹ tó mú ojúlówó ìpẹ́ wá ń ké fún? Ìbọn méjì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn kan sì wà nílùú. Ó di imọ̀ àtíbàbà mú, ó di í mú títí ó fi ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdẹ́gbèmí kúnlẹ̀. Ó fi ahọ́n kan irin náà pẹ́lẹ́, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Mo fi irin búra," ó ní. "Ara akika ni ìpẹ́ wọ̀nyí ti bọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí irin bá èmi Ọdẹ́gbèmí wí, kó má kọjá lára mi sí ẹlòmíràn."

"Ẹ ti ń pín ogún, Bàbá," Jọláoṣó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọdẹ ni mí. Ẹran tí mo pa, èmi ni mo pa á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in."

Àwọn ọkùnrin Jọláoṣó gbé àpò náà sínú ọkọ̀ tiwọn.

Nígbà tí bàbá àti ọmọ tukọ̀ dé àárín odò, Ọdẹ́bùnmi ní, "Ẹ mọ̀ pé kò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kò sí ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá parí àpò náà?"

Ọdẹ́gbèmí tú ọ̀bẹ tó ti ń gbé ní ìbàdí láti ìgbà èwe rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì jẹ́ kó bọ́ sínú odò. Lẹ́yìn náà ó tún mú àjẹ̀ igi rẹ̀, ó ń tukọ̀ lọ.

Okùn náà jí lórí òkun. Wanjirú fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn fún wọn: bí ìpẹ́ inú àpò ṣe ń ké lọ́kọ̀ọ̀kan bí òròmọdìẹ, bí ọkọ̀ ogun mẹ́rin ṣe yí ọkọ̀ náà ká, bí wọ́n ṣe tọ ipa rẹ̀ padà dé ilé ìtọ́jú ẹrù ní èbúté mẹ́ta. Wọ́n rí odídẹrẹ́ nínú páìpù, wọ́n rí eyín erin lábẹ́ ẹ̀gẹ́, wọ́n rí akika tó ṣì ń mí, tó ká ara jọ nínú àpò ìrẹsì. Wọ́n mú Jọláoṣó níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. Wanjirú gbé pátákó tí Àdéhùn fi ń dá ohùn padà síwájú, ó ka orúkọ ilé náà sí i, ó sì ní kí wọ́n dáhùn. Ọdẹ́bùnmi dáhùn. Bàbá rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń sùn báyìí, nítorí ìṣó wà lára òrùlé ilé, irin sì ni ìṣó.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé ní ọ̀sán gangan. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ ti ògiri ilé ìgbẹ̀bí, ó gun àtẹ̀gùn náà.

"Ta ni?" ilẹ̀kùn béèrè.

Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń sọ òkúta sínú kànga, tó ń dúró kó gbọ́ ìró rẹ̀.

"Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ọdẹ́gbèmí," ilẹ̀kùn náà wí. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé." Ó sì ṣí. Agbẹ̀bí kan náà tó sunkún lẹ́yìn gíláàsì lọ́dún tó kọjá sáré gbá a mú.

Ọmọbìnrin ni. Ó ké kí wọ́n tó gbé e tán, ó ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Agbẹ̀bí mú sísọ́ọ̀sì, Ọdẹ́bùnmi sì di ojú. Ó gbọ́ kẹ́ẹ́, ó ń dúró. Kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ń ké lọ, ara rẹ̀ gbóná lórí àyà ìyá rẹ̀.

Nígbà tó lè dìde, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níwájú ilé náà, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Bàbá, obìnrin ni," ó ké sí i. "Ẹ wá gbé e."

Ọdẹ́gbèmí dìde, ó sún mọ́ ọn títí ó fi lè rí ojú ọmọ náà dáadáa. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ibi tí etí ilẹ̀kùn dé.

"Ta ni?" ilẹ̀kùn náà béèrè, ó sì dá a mọ̀ kó tó dáhùn, nítorí ó ti mọ ìrìn rẹ̀ padà. "Ọdẹ́gbèmí. Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Ẹ wọlé."

Ilẹ̀kùn irin náà ṣí gbayawu, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Bàbá náà mi orí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún tó sì ti yó. Ó gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀kùn náà kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, tó sì pa dé.